Orúkọ tó Wà Nísàlẹ̀ Ojú Ìwé

Ohun tó kọ́kọ́ ṣàjèjì nípa lẹ́tà náà ni pé Inúmidùn bèèrè rẹ̀ kí ọkọ rẹ̀ tó yọ ọ́ lápò. Elisha ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìfìwéránṣẹ́ Ore dé sí Odigbo ni, ó fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ògiri, kò tíì kí ẹnikẹ́ni. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ àjà tó fi ń yan púpurú lórí iná, ó ń fi ọ̀bẹ ha ara ẹyọ kan tí èéfín ti sọ di dúdú, kí funfun ẹ̀gẹ́ tó wà nínú rẹ̀ lè yọ. Kò gbójú sókè.

"Tíṣà, wọ́n gbà á, àbí?"

"Kí ni wọ́n gbà?"

"Èmi ò mọ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ ohun tí ẹ fi ránṣẹ́."

Elisha rẹ́rìn-ín, ó ní èéfín ti kó sí i lórí. Ṣùgbọ́n nígbà tó wọ yàrá tó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó yọ lẹ́tà náà lápò, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́. Kò sọ fún ẹ̀dá alààyè kankan pé òun fi ìtàn ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Kò sọ fún ìyá rẹ̀, Màmá Elizabeth, tí wọ́n jọ ń gbé inú ilé kan náà. Kò sọ fún àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì nídìí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí náà, kí ẹ má baà rò pé onítìjú èèyàn ni. Ìgbà mẹ́fà ni Elisha ti fi ìtàn ránṣẹ́ sí Fìtílà Èdè, ìwé àtìgbàdégbà kan tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń gbé jáde ní Ìbàdàn. Ìgbà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni wọ́n dá a padà. Ìgbà kẹta ni ọ̀gá iléèwé wọn, Ọ̀gbẹ́ni Joshua, ṣèèṣì tú àpòòwé náà níwájú gbogbo ènìyàn. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Òǹkọ̀wé Àdápadà. Bó bá wọ yàrá àwọn olùkọ́ láàárọ̀, ẹnìkan yóò ní, "Àdápadà, ẹ káàárọ̀ o, ṣé ìwé yín ti ń darí bọ̀?" Wọn yóò sì rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ebi kò pa rí. Bẹ́ẹ̀ ọdún kejì tí ológun gbàjọba lọ́wọ́ òṣèlú la wí yìí, ọdún tí a ń tò láti ra ọṣẹ àti mílíìkì, tí sójà ń fi kòbókò tò wá bí ọmọ iléèwé, tí wọ́n ń lé olùkọ́ lẹ́nu iṣẹ́ ní méjì-méjì, mẹ́ta-mẹ́ta. Ìwé ìkọ̀wé wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọ fi ń ṣe ìṣirò sí etí ojú ìwé. Ní irú àkókò yẹn, kí orúkọ ènìyàn jáde nínú ìwé tí a tẹ̀, ó jọ pé onítọ̀hún ti fìdí múlẹ̀ láyé. Ohun tí Elisha ń wá nìyẹn. Kò wá ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́tà náà kúrú. Olóòtú ní ìtàn rẹ̀ wọlé. Ó ní òun ti ka ìtàn òkú tó pọ̀ lọ́dún náà, ṣùgbọ́n èyí nìkan ló mú kí òun dìde lọ ti ilẹ̀kùn. Ojú ewé tí wọ́n ń pè ní "Ó Ṣojú Mi" ni yóò jáde sí, èyí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Nítorí náà, kí òǹkọ̀wé jọ̀wọ́ fi orúkọ tí wọ́n sọ obìnrin inú ìtàn náà gan-an ránṣẹ́, àti ìlú rẹ̀, àti ọdún tó kú. "A kò ní tẹ̀ ẹ́ jáde," ni olóòtú kọ, ó sì fa ìlà sí i nídìí. "Inú fáìlì la ó fi í sí, kí a lè fọwọ́ sọ̀yà pé òótọ́ ni."

Elisha ka gbólóhùn yìí títí, nítorí obìnrin inú ìtàn náà ló ń ha púpurú níta.

Ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ni Inúmidùn sọ ọ̀rọ̀ náà fún un. Wọ́n gbé púpurú lọ sí Ore lọ́jọ́ náà, oòrùn sì wà láàrin orí. Ọkùnrin kan tó gbé agbọ̀n ẹja gbígbẹ sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní ìkóríta. Kí Elisha tó ṣẹ́jú, ìyàwó rẹ̀ ti wọ abẹ́ ọkọ̀ agégẹdú kan, ó dọ̀bálẹ̀ sínú ọ́ìlì àti ẹrẹ̀, kò sì jáde títí ọkùnrin náà fi lọ. Nígbà tí wọ́n ń padà sílé, ó ní kí àwọn jókòó díẹ̀ lábẹ́ igi kan létí oko kòkó. Ibẹ̀ ló ti ṣàlàyé. Ará ìletò òun ni ọkùnrin ẹlẹ́ja yẹn, létí omi, lẹ́yìn Ìgbọ́kọ̀dá. Ó wà níbi ìsìnkú òun. Ọkọ̀ ojú omi ló dojú dé pẹ̀lú òun nígbà tí òun jẹ́ ọmọ ogún ọdún. Wọ́n rí òkú òun, wọ́n sin ín, ẹ̀gbọ́n òun ọkùnrin ló sì kọ́kọ́ bu yẹ̀pẹ̀ sí i. Òun kò mọ bí òun ṣe dé Ore. Òun kàn rí i pé òun dúró létí títì, oòrùn ń pa òun, ebi ń pa òun, inú òun sì dùn gidigidi pé ebi ń pa òun. Ìdí nìyẹn tí òun fi sọ ara òun ní Inúmidùn.

"Àkúdàáyà," Elisha sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

"Ẹ má pè é bẹ́ẹ̀. Ayé ni mò ń gbé, bí gbogbo yín ṣe ń gbé e." Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ obìnrin náà gbóná, òórùn èéfín sì wà lára rẹ̀. "Bí ẹni tó mọ̀ mí nígbà yẹn bá pe orúkọ mi ìgbà yẹn, tí mo sì gbọ́ ọ, mo ti lọ nìyẹn. Kí ẹ lè bá mi ṣọ́ ọ ni mo ṣe ń sọ fún yín. Ọ̀ṣuntóyìn ni. Ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó ti ọ̀dọ̀ yín jáde."

Elisha fọwọ́ kan ilẹ̀, ó fi kan ahọ́n, ó búra.

Ṣé ó gbà á gbọ́? Bí ẹ bá bi í, òun gan-an kò ní lè sọ. Lọ́jọ́ náà ó gbà á gbọ́. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tó rí i tó ń bá ẹlẹ́ran jà nítorí egungun, ó rò pé àlọ́ ni, pé ọkọ àárọ̀ kan ló ń sá fún. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó ní àlọ́ ni o, òótọ́ ni o, irú ìtàn yìí kò tíì wọ Fìtílà Èdè rí. Bí òǹkọ̀wé bá ti ronú dé ibi báyìí, ẹ jẹ́ ká gba fún Ọlọ́run. Ó kọ ọ́. Ó sọ obìnrin náà ní Àdùkẹ́, ó sọ omi di òkè, ó sọ púpurú di gàrí, ó sì dá ara rẹ̀ láre pé kò sí ẹni tí yóò mọ̀.

Orúkọ gan-an ni wọ́n wá ń bèèrè yìí. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi gbé lẹ́tà náà kiri nínú àpò ṣòkòtò. Lọ́jọ́ karùn-ún, Ọ̀gbẹ́ni Joshua sọ ní gbangba pé orúkọ àwọn olùkọ́ tí wọn yóò lé ń bọ̀ láti Àkúrẹ́, pé òun gbọ́ pé Àdápadà kan wà nínú rẹ̀. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Elisha náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó dùn ún dọ́kàn. Ó dúró kí wọ́n kó àwọn ọmọ lọ sí pápá, ó ya fúlísíkáàpù kan, ó sì kọ Ọ̀ṣuntóyìn. Ó kọ ìletò rẹ̀. Ó kọ ọdún náà. Bó ṣe padà fi àmì ohùn sórí orúkọ náà tán, ó gbọ́ tí ìyàwó rẹ̀ wúkọ́ lẹ́yìn òun gan-an. Ó yíjú padà. Àga mẹ́rin ló rí, àti aago ara ògiri. Láti àárọ̀ kùtù ni Inúmidùn ti wà ní Ore.

"Inú fáìlì ni," ó sọ ọ́ síta, bí ẹni tó ń bá ènìyàn jiyàn, ó sì lọ fi ìwé náà ránṣẹ́.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, lọ́jọ́ Ọjọ́rú kan, tí Inúmidùn ń mọ púpurú róbótó-róbótó lójúde. Ó ṣàdédé dáwọ́ dúró.

"Tíṣà, ta ló ń pè mí?"

"Ẹnikẹ́ni ò pè ọ́."

"Kò tíì pè é tán ni. Ó ní 'Ọ̀,' ó dákẹ́. Ó tún ní 'ṣun,' ó dákẹ́. Bí ọmọ tó ń kọ́ ìwé kíkà." Ó nu iwájú orí, ẹ̀gẹ́ tútù sì wà lára ọwọ́ rẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ ọn lójú. "Ẹ̀yin ò sọ fún ẹnikẹ́ni, àbí?"

"Rárá o."

Elisha mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀wé. Ó ti dé ilé ìtẹ̀wé kan rí ní Àkúrẹ́, ó rí ọkùnrin tó ń to lẹ́tà òjé, tó ń ṣà wọ́n lẹ́yọ lẹ́yọ nínú àpótí, tó ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan lábẹ́ ẹnu kó má baà ṣì í. Fáìlì ni wọ́n ní. Ta ló ń fi lẹ́tà òjé kọ nǹkan sínú fáìlì? Ìgbà yẹn ló yẹ kó jẹ́wọ́. Bó bá jẹ́wọ́, ìyàwó rẹ̀ ì bá di ẹrù, ì bá bọ́ sínú ọkọ̀ Benin, kí ilẹ̀ tó ṣú ì bá ti wà níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní dé láti létí omi. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ sọ fún un pé kó sá yóò kọ́kọ́ sọ ẹni tó tà á, Elisha kò sì lẹ́nu rẹ̀. Ó ní kó lọ sinmi, pé oòrùn ni.

Gàzálì, tó ń ta ìwé ìròyìn ní gáréèjì Ore, ló pè é lókèèrè lọ́jọ́ tí ìwé náà dé. "Tíṣà! Ẹ ti di ẹni ńlá! Ẹ wá wo orúkọ yín!" Bébà rẹ̀ rí gbẹ́rẹgbẹ̀rẹ, ó fẹ́lẹ́ bí èyí tí wọ́n fi ń di àkàrà, nítorí bébà tó dára ti tán nílẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ náà wà níbẹ̀, ó dúdú kirikiri: Elisha Akínwọlé. Ó ka ìtàn náà dé òpin, ó tún un kà, omi sì gbọ̀n lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ tó sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Wọ́n fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan síbẹ̀, wọ́n sì fi lẹ́tà kéékèèké kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: *Obìnrin inú ìtàn yìí ni Ọ̀ṣuntóyìn, ará ìletò kan létí Ìgbọ́kọ̀dá, tó kú lọ́dún 1975.*

"Mélòó ló kù lọ́wọ́ rẹ? Mo fẹ́ gbogbo rẹ̀."

"Márùn-ún, Tíṣà. Ọ̀kan ti lọ láàárọ̀. Ẹlẹ́ja kan ló rà á, ó ní òun á máa kà á dé Ìgbọ́kọ̀dá."

Elisha sun mẹ́rin nínú wọn. Ẹ̀karùn-ún, ó gbé e lọ sí iléèwé. Ẹ máa bú u, ó tọ́ sí i. Ó ṣí ojú ìwé náà síwájú wọn, ó fi àtàǹpàkò bo ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó sì ń gbé e láti ọ̀dọ̀ ẹnìkan dé ọ̀dọ̀ ẹnìkejì bẹ́ẹ̀, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ òun. Ọ̀gbẹ́ni Joshua dìde bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Kò sẹ́ni tó tún pè é ní Àdápadà mọ́. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, tó jẹ́ Sátidé, ó bá ìyàwó rẹ̀ gbé ọjà lọ sí ìkóríta. Ọ̀sán ni. Ọkùnrin mẹ́ta sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, wọ́n bi Gàzálì léèrè ibi tí ẹni tó kọ ìtàn náà wà; Gàzálì, tí kò ní ibi kankan lọ́kàn, na ọwọ́ sí àtẹ Inúmidùn. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ká ìwé kan sọ́wọ́. Ó rìn wá, ó dúró ní bí ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí àtẹ náà, omi sì ń dà lójú rẹ̀ kí ó tó lanu.

"Ọma ìyá mi," ó ní. "Ọ̀ṣuntóyìn."

Inúmidùn kò wò ó. Ọkọ rẹ̀ ló wò. Ọdún mẹ́jọ tí wọ́n fẹ́ra, kò pè é ní "ìwọ" rí. "Ẹ" ni lójú ayé, "ẹ" ni nínú yàrá, "ẹ" ni bí wọ́n bá ń jà.

"Ìwọ ni?"

Elisha la ẹnu. Ohun tó jáde ni, "Wọ́n ní inú fáìlì ni."

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ obìnrin náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn àtẹ bí ẹni fẹ́ mú un. Kò dìde mọ́. Nígbà tí àwọn tí wọ́n jọ ń tajà wo ẹ̀yìn àtẹ, ọ̀bẹ náà wà nílẹ̀, àpótí ìjókòó rẹ̀ wà níbẹ̀. Púpurú tó ń ha lọ́wọ́ ṣì gbóná, ìdajì rẹ̀ funfun, ìdajì dúdú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó sínú eruku, ó ń lu itan. Ó ní òun mọ̀ pé òun kò gbọdọ̀ pè é, pé ojú rẹ̀ nìkan ni òun wá wò, pé ẹnu òun kò gbọ́ràn sí òun lẹ́nu.

Nígbà tí Elisha délé tó sọ fún ìyá rẹ̀ pé Inúmidùn ti lọ, màmá náà kò bèèrè ibi tó lọ. "Ta ló pè é?" ló bèèrè. Ó wọ yàrá rẹ̀, kò sì jáde jẹun títí di ọjọ́ kejì.

Elisha kọ̀wé ìbínú sí Ìbàdàn. Olóòtú dáhùn, ó bẹ̀bẹ̀. Ó ní ìtàn náà kò kún ojú ìwé. Ààyè kan ṣófo nísàlẹ̀, bébà sì wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ìka kan ṣòfò. Ẹni tó ń to lẹ́tà rí abala ìwé kan tí wọ́n fi pín-ìnnì há mọ́ ìtàn náà, ó sì fi ohun tó wà nínú rẹ̀ dí ààyè. Ó ní kí Elisha má bínú. Ó ní àwọn òǹkàwé fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, pé àwọn ń retí òmíràn.

Oṣù mẹ́fà kọjá. Ọyẹ́ dé. Elisha kò kọ nǹkan kan mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó kọjá níwájú Gàzálì, ó sì rí i pé ọkùnrin náà ń wo òun bí ẹni rí ejò lẹ́bàá ẹsẹ̀. Fìtílà Èdè tuntun wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò nà án sí i. Ó gbé e lé bẹ́ǹṣì, ó sún sẹ́yìn.

"Ẹ máa mú un lọ, Tíṣà. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má dúró níbí."

Ojú ewé "Ó Ṣojú Mi" ni. Àkọlé rẹ̀ ni "Olùkọ́ tó Ta Aya Rẹ̀." Orúkọ òǹkọ̀wé kò sí níbẹ̀, wọ́n kàn kọ ọ́ pé obìnrin kan ló fi ránṣẹ́ láti ọ̀nà jíjìn. Elisha kà á lórí ìdúró, gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sì ń dún létí rẹ̀ pẹ̀lú ohùn tó mọ̀. Ó sọ bí ọkọ ṣe búra, bó ṣe fi ilẹ̀ kan ahọ́n. Ó parí rẹ̀ báyìí: *Ó ta orúkọ mi, kò mọ̀ pé orúkọ tirẹ̀ náà wà lẹ́nu mi, pé ọdún mẹ́jọ ni mo fi pa ẹnu náà dé.* Nísàlẹ̀, lábẹ́ ìlà tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n kọ ọ́ pé Ọláníran ni ọkùnrin inú ìtàn náà, ọmọ Ìdànrè, tí ìgbóná pa lọ́dún 1954 nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tó ń gbé Odigbo báyìí, tí wọ́n ń pè ní Elisha.

Inú bí i débi pé ojú rẹ̀ ṣú. Ó dà mí, ó ń wí lójú ọ̀nà, obìnrin tí mo fẹ́ ló dà mí, ó fi mí ṣe ẹlẹ́yà lójú gbogbo ayé. Ẹ gbọ́ ná, ta ló kọ́kọ́ da ta? Àṣesílẹ̀ làbọ̀wábá. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n dà kì í ṣe ìṣirò báyẹn, ẹ̀dùn ọkàn tirẹ̀ nìkan ló ń rí.

Màmá Elizabeth wà lójúde, ó ń bó ègúsí sínú igbá. Kò mọ̀wé. Elisha dúró lé e lórí, ó sì ka ìtàn náà fún un ketekete, ó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ bó ṣe ń kà á. Nígbà tó dé orúkọ ìsàlẹ̀, ọwọ́ màmá dúró.

"Ẹ ò gbọ́ irú irọ́ tó pa? Ṣé kí n tún un kà?"

"Má tún un kà." Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń ṣàìsàn lọ. "Má fi ẹnu ara rẹ kà á."

"Màmá?"

"Èmi ni mo sọ fún un. Ọdún tí ẹ fẹ́ra ni mo sọ fún un, kó lè bá mi ṣọ́ ẹnu. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, 'Màmá, èmi náà ńkọ́?' Láti ọjọ́ yẹn, èmi ń ṣọ́ tirẹ̀, òun ń ṣọ́ tìrẹ."

Elisha jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò wò ó bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Ègúsí ló ń wò. Ó ní ìgbóná pa ọmọ tí òun bí ní Ìdànrè, ojú òun ni wọ́n ṣe gbé e lọ. Lọ́dún kẹta òun wá ra epo ní Ajue, òun sì rí i níbi tí wọ́n ti ń fún epo, ó ń jẹ iṣu, ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Òun ki ìborùn bọ ẹnu kí òun má baà ké. Ẹni tó bá ké ló ń pàdánù, ohun tí ìyá òun kọ́ òun nìyẹn. "Mo lọ bá ọ bí àlejò. Mo ní, ọmọ ta ni ọ́? O ní o ò mọ̀. Mo ní, ṣé wàá bá mi gbé? Láti ọjọ́ náà mi ò fojú kan Ìdànrè mọ́. Mo fi ọkọ mi sílẹ̀, ìyá mi kú, mi ò sin ín. Mo mú ọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo ní kí wọ́n fi orúkọ wòlíì tó jí ọmọ obìnrin Ṣúnémù sọ ọ́."

Elisha wá inú ara rẹ̀ títí fún ohun tó wà ṣáájú Ajue. Òórùn epo ló rí. Lẹ́yìn òórùn epo, kò rí nǹkan kan.

"Gbogbo yín mọ̀," ó ní. "Ẹ̀yin méjèèjì jọ mọ̀. Èmi nìkan ni ẹ fi sínú òkùnkùn nínú ilé ara mi."

"A fi ọ́ sínú ayé ni, ọma mi."

"Irọ́ ni." Ó dìde. "Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ bí mi, ẹ pè mí ní orúkọ tí ẹ sọ mí. Ẹ pè mí báyìí. Bó bá jẹ́ irọ́, kí ni yóò ṣe mí?"

"Mi ò lè pè é."

"Ó dáa. Ọ̀la ni mò ń lọ sí Ìdànrè. Màá dúró lójúde ilé náà, màá bi wọ́n léèrè."

Ìgbà náà ni màmá tó gbójú sókè wò ó, ó sì wò ó pẹ́. Ó mọ̀ pé yóò lọ. Ó mọ̀ pé bí kò bá tilẹ̀ lọ, ìwé ti jáde, àwọn àbúrò ọkọ òun mọ̀ọ́kà, ọkọ̀ Ìdànrè sì ń kọjá ní Odigbo lójoojúmọ́. "Ẹnìkan tí o ò mọ̀ á na ìka sí ọ láàrin ọjà," ó ní, "á sì pariwo rẹ bí olè." Ó gbé igbá ègúsí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó gbọn ọwọ́, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó dìde wá síwájú rẹ̀. Ó gbé ojú rẹ̀ sáàrin ọwọ́ méjèèjì.

"Bó bá jẹ́ pé wọn á pè ọ́ náà ni, kó jẹ́ ẹnu mi."

"Ẹ pè mí, Màmá."

"Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ló ti ń gbóná lẹ́nu mi." Ó pè é kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kí ilé kejì má baà gbọ́. "Ọláníran. Ọláníran, ọma mi."

Elisha ti múra láti rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àwọn òkè ńláńlá kan là lójú rẹ̀, oòrùn àárọ̀ wà lára àpáta wọn, ọwọ́ kan sì ń fi osùn tútù pa á lára níbi tó ti ń jó o. Orúkọ náà bá a mu ju gbogbo èyí tí wọ́n ti kọ fún un lọ. Ìbínú rẹ̀ sì tú dànù, kò rántí ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ mọ́.

"Mà-á," ó jẹ́ ẹ, pẹ̀lú ohùn ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.

Aládùúgbò wọn, Olúfúnmilọ́lá, gbé igi ìdáná kọjá ní ìgbà náà. Ó rí Màmá Elizabeth tó dúró lójúde, tó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè síwájú ara rẹ̀ bí ẹni di nǹkan mú. Ó kí i kú ọ̀sán, ó ní, "Màmá, ta lẹ ń bá sọ̀rọ̀?"

Màmá Elizabeth ní òun kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.